Chrome gba ẹ̀dà tuntun, adènà ìpolówó pòórá: ṣé kí n kó lọ sí Firefox, Brave tàbí Opera?

Ìbéèrè tí obìnrin oníṣòwò kan fi ránṣẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́ nìyí: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Under G, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ti ń ṣe course registration, tí wọ́n ń tẹ ìwé, tí àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe JAMB náà sì ń wá. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ni mo ní. Méjì jẹ́ Windows 10, RAM 4GB. Ìkẹta ti pẹ́, Windows 7 ló wà lórí rẹ̀. Láti ìgbà tí Chrome ti gba ẹ̀dà tuntun, uBlock Origin, adènà ìpolówó tí ọmọ àbúrò mi fi síbẹ̀, ti pòórá, ìpolówó kún ojú-ewé, gbogbo nǹkan sì ń fà. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ní kí a kó lọ sí Firefox. Ẹlòmíràn ní Brave ló yá jù. Ẹnìkan tún ní Opera, nítorí VPN inú rẹ̀. Èwo gan-an ni kí n mú? Mi ò fẹ́ kí iṣẹ́ ọmọ olọ́mọ bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.”

Ẹ kú ìtọ́jú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ o, mà. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ: ẹ má yọ Chrome kúrò, ẹ fi Firefox kún un lórí kọ̀ǹpútà Windows 10 méjèèjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní iṣẹ́ tirẹ̀. Chrome tí kò ní extension kankan lórí (àfikún kékeré tí a ń fi sínú bráwúsà, bí adènà ìpolówó) ni kí ẹ fi ṣe portal àti ìsanwó. Firefox tó ní uBlock Origin ni kí ẹ fi ṣe gbogbo ìwákiri yòókù. Ti Windows 7 yẹn yàtọ̀. Òun ló bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, bẹ́ẹ̀ ẹ kò sì béèrè nǹkan kan nípa rẹ̀. Màá dé orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ló lọ́ mọ́ra wọn nínú ìbéèrè yín, ó sì yẹ ká tú wọn: adènà ìpolówó tó lọ, kọ̀ǹpútà tó ń fà, àti bráwúsà tó dára jù. Ẹ̀dà tuntun ló fa ti àkọ́kọ́. Ti ìkejì, díẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ti ìkẹta, iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe àti kọ̀ǹpútà tí ẹ fẹ́ fi ṣe é ló máa dá a lóhùn, kì í ṣe orúkọ bráwúsà.

uBlock Origin kò bàjẹ́, ọmọ àbúrò yín kò sì ṣì í ṣe. Google ló mọ̀ọ́mọ̀ ti ilẹ̀kùn. Gbogbo extension Chrome ló ń tẹ̀lé òfin kan tí wọ́n ń pè ní Manifest. Manifest V2 ni wọ́n fi kọ uBlock Origin. Pẹ̀lú Chrome 88, ní oṣù kìíní ọdún 2021, ni Manifest V3 wọlé. Láti ọdún 2024 ni wọ́n ti ń pa àwọn extension V2 díẹ̀díẹ̀, títí Chrome 139 fi gbá ìyókù dànù ní ọdún 2025. Lábẹ́ òfin àtijọ́, adènà dà bí ọlọ́dẹ tó dúró lẹ́nu géètì, tó ń wo ojú ẹni kọ̀ọ̀kan kó tó jẹ́ kó wọlé. Lábẹ́ òfin tuntun, ó ní láti kọ orúkọ àwọn tí kò gbọdọ̀ wọlé sínú ìwé, kó fà á lé Chrome lọ́wọ́, kí Chrome fúnra rẹ̀ máa ṣọ́ géètì. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé, ó ti wọlé nìyẹn. Àlàyé Google ni pé nítorí ààbò ni, nítorí extension tó lè rí gbogbo ohun tí bráwúsà ń rán jáde lè jí ọ̀rọ̀ aṣínà pẹ̀lú. Òótọ́ wà nínú ìyẹn, àwọn extension burúkú ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Òótọ́ sì ni pé ìpolówó ni Google fi ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀. Ẹ gbé méjèèjì sọ́kàn pọ̀ nígbà tí ẹ bá ń gbọ́ àlàyé wọn.

Ọ̀nà àbáyọ wà lórí Chrome náà, fún ẹni tí kò bá fẹ́ lo bráwúsà méjì. Ẹni tó kọ uBlock Origin, Raymond Hill, ti kọ uBlock Origin Lite tó bá òfin tuntun mu. Kò lágbára tó ti àtijọ́, pàápàá lórí àwọn ìkànnì tó ń pa ìpolówó wọn dà lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n fún ìwé ìròyìn àti ìkànnì eré bọ́ọ̀lù ó tó. Bí ẹ bá fi í sí i, ẹ ṣí Settings rẹ̀, kí ẹ rí i pé orí Optimal tàbí Complete ló wà, kì í ṣe Basic. Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ jíjọra o. Èyí tí wọ́n ń pè ní uBlock lásán, láìsí Origin, kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ ó sì tún rí àwọn tó máa ní kí ẹ lọ sí chrome://flags kí ẹ yí nǹkan kan padà kí ti àtijọ́ lè jí. Ọgbọ́n yẹn ti kú. Ẹ má fi dátà wá a.

Ti kọ̀ǹpútà tó ń fà ńkọ́? Nígbà tí ẹ̀dà tuntun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ó máa ń fà díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Bráwúsà máa ń tọ́jú àwọn kóòdù ìkànnì tó ti túmọ̀ sílẹ̀ kó má baà máa tún wọn túmọ̀ lójoojúmọ́. Ẹ̀dà tuntun kò lè lo èyí tí ẹ̀dà àtijọ́ tọ́jú, ó ní láti bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Antivirus náà á tún fẹ́ yẹ àwọn fáìlì tuntun wò. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ìyẹn á rọlẹ̀. Bí kò bá rọlẹ̀, ẹ wá ìdí rẹ̀ níbòmíràn. Ti yín, mo fura sí nǹkan méjì. Èkíní ni ìpolówó tó padà dé: fídíò kéékèèké àti àwòrán tó ń mì, gbogbo wọn ló ń jẹ RAM, ìyẹn àyè tí kọ̀ǹpútà ń gbé ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, tí wọ́n ń jẹ dátà. Èkejì ni 4GB yẹn fúnra rẹ̀. Windows 10 nìkan lè gba ìdajì rẹ̀ kí ẹ tó ṣí ohunkóhun. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá ṣí tab mẹ́jọ, WhatsApp Web wà nínú wọn, YouTube wà nínú wọn, tí Word tún ṣí, RAM ti kún. Windows á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó nǹkan láti inú RAM lọ sórí hard disk. Bó bá jẹ́ hard disk onílílọ ti àtijọ́ ni, ìgbà náà ni kọ̀ǹpútà á dákẹ́ tí ẹ ó rò pé network ló lọ.

Ẹ lè rí i pẹ̀lú ojú ara yín. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, ẹ wo Performance, ẹ wo Memory. Bí ó bá ti kọjá 90 nínú ọgọ́rùn-ún, tí Disk náà sì ń sáré ní 100, bráwúsà kọ́ ni ẹ kọ́kọ́ nílò. RAM 4GB mìíràn ni, bí ihò bá ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà náà, àti SSD 256GB, ìyẹn disk tuntun tí kò ní ohun tó ń yí nínú, ní ipò hard disk. Ẹ mú RAM àtijọ́ yẹn dání lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ tà á fún yín, nítorí oríṣi RAM tí wọ́n ń pè ní DDR3, DDR3L àti DDR4 kì í ṣe ọ̀kan náà: DDR4 kì í wọ ihò DDR3, DDR3 àti DDR3L sì lè wọ ihò kan náà, ṣùgbọ́n agbára iná tí wọ́n ń lò yàtọ̀. Mo mọ̀ pé owó ni, ọ̀fẹ́ sì ni bráwúsà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kó láti Chrome lọ sí Firefox lórí kọ̀ǹpútà tí RAM rẹ̀ ti kún, ẹ ó kàn gbé ẹrù kan náà láti èjìká kan sí èkejì ni.

Ohun tí ẹ lè ṣe lónìí láìná kọ́bọ̀ ni pé kí ẹ wọ Settings Chrome, ẹ lọ sí Performance, ẹ tan Memory Saver. Yóò máa mú tab tí ẹnikẹ́ni kò wò kúrò nínú RAM, yóò sì tún un ṣí bí ẹ bá padà síbẹ̀. Títún un ṣí yẹn ń jẹ dátà díẹ̀, nítorí náà ẹ fi ìkànnì portal sínú àwọn tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, lábẹ́ “Always keep these sites active”. Ẹ tún lọ sí System nínú Settings kan náà, ẹ pa “Continue running background apps when Google Chrome is closed”. Bó bá wà ní títàn, Chrome tí ẹ rò pé ẹ ti tì lè ṣì wà nílẹ̀ tó ń jẹun. Bí ẹ bá fẹ́ mọ tab tó ń jẹ RAM jù, ẹ tẹ Shift àti Esc nínú Chrome. Nínú Firefox, ẹ kọ about:processes sí ibi àdírẹ́sì.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí ẹni tó ní Brave ló yá jù. Mo gbà pé ohun tí ó rí ló sọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe sábà máa ń dán an wò kò dọ́gba. Chrome tó ti lo ọdún mẹ́ta, tó ní extension mẹ́sàn-án àti ìtàn ìwákiri gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ Under G, ni wọ́n máa ń gbé kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ Brave tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi síbẹ̀ láàárọ̀. Brave á sì borí. Bí ẹ bá fi Chrome tuntun tó mọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú uBlock Origin Lite, ẹ ó rí i pé ìyàtọ̀ yẹn dínkù púpọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ìdánwò tó dọ́gba, ẹ ṣí profile tuntun nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ti gbogbo nǹkan yòókù, ẹ lọ sí browserbench.org, ẹ ṣe Speedometer 3. Google, Mozilla tó ni Firefox, Apple àti Microsoft ló jọ fọwọ́ sí ìdánwò náà ní ọdún 2024, nítorí náà kò gbè sẹ́yìn ẹnìkan. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta fún bráwúsà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ mú èsì àárín. Bó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù ni, ẹ má ṣe é nígbà tí iná bá lọ. Orí bátìrì, Windows máa ń dín agbára ẹ̀rọ kù, tí ẹ bá dán ọ̀kan wò pẹ̀lú iná, tí ẹ sì dán èkejì wò lórí bátìrì, èsì náà kò wúlò. Ìyàtọ̀ tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá, ojú ènìyàn kò lè rí i lórí portal. Lójoojúmọ́, network àti sáfà ilé-ẹ̀kọ́ ló ń dá yín dúró ju bráwúsà lọ, kò sì sí bráwúsà tó lè mú portal tó ti wó lulẹ̀ dìde lọ́jọ́ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ bá ń forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀: Chrome, Brave, Edge àti Opera, ẹ́ńjìnnì kan náà, ìyẹn ohun tó ń sọ kóòdù ìkànnì di ojú-ewé, ló wà nínú gbogbo wọn, Blink ni wọ́n ń pè é. Opera ju ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ nù ní ọdún 2013, Edge tẹ̀lé e ní oṣù kìíní ọdún 2020. Firefox nìkan ló dá yàtọ̀ lórí Windows, Gecko ni tirẹ̀. Èyí kan iṣẹ́ yín lọ́nà méjì. Àkọ́kọ́, portal tí wọ́n bá dán wò lórí Chrome yóò ṣiṣẹ́ lórí àwọn ìbátan rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó kọ portal míì kì í dán an wò lórí Firefox rárá. Bọ́tìnnì kan lè má dáhùn, fọ́ọ̀mù lè kọ̀ láti gba fọ́tò. Kì í ṣe ẹ̀bi Firefox, ṣùgbọ́n oníbàárà yín kò ní bèèrè ẹ̀bi, slip rẹ̀ ló fẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí Chrome wà. Èkejì ni ọ̀rọ̀ ààbò. Bí ihò bá yọ nínú ẹ́ńjìnnì náà, Chrome ló máa ń kọ́kọ́ dí i, àwọn yòókù á tẹ̀lé e lẹ́yìn wákàtí tàbí ọjọ́ díẹ̀. Ní àárín àkókò yẹn, olè ti lè ka ohun tí Chrome tún ṣe, kó sì mọ ibi tí ihò wà lára àwọn yòókù.

Brave dára, n kò ní bà á jẹ́. Adènà ìpolówó rẹ̀ wà nínú rẹ̀ gan-an, kì í ṣe extension, nítorí náà Manifest V3 kò kàn án. Ṣùgbọ́n ẹ ó ní láti pa Rewards àti Wallet tí ẹ kò nílò, ẹ ó sì máa rántí pé Shields, orúkọ adènà inú rẹ̀ yẹn, lè dí fèrèsé ìsanwó tó yẹ kó yọ síta. Bí ìsanwó bá dúró lójijì, ẹ tẹ àwòrán kìnnìún lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì, ẹ pa Shields fún ìkànnì yẹn nìkan. Kí ẹ tó tún owó san, ẹ wo ìtàn ìsanwó ná, kí owó má baà jáde lẹ́ẹ̀mejì. Ti Opera, VPN ọ̀fẹ́ inú rẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tó ń fi ibi tí ẹ wà pamọ́, kì í ṣe VPN fún gbogbo kọ̀ǹpútà, ohun tí Opera nìkan bá ṣí ló ń gbà á kọjá. Bí ẹ bá tan án, báǹkì á rò pé òkè òkun ni ẹ ti ń wọlé, ó sì lè ti yín síta. Fún iṣẹ́ yín, kò wúlò. Opera Mini orí fóònù ni mo lè gbóríyìn fún, fún kíkà ìròyìn nígbà tí dátà bá ń tán lọ, nítorí sáfà wọn ló máa ń fún ojú-ewé pọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ìdí kan náà ni ẹ kò fi gbọdọ̀ fi í ṣe ìsanwó. Edge ti wà lórí Windows yín, ẹ jẹ́ kó wà fún ọjọ́ tí Chrome bá ṣàìsàn.

Ó wá kan Windows 7. Chrome 109, ti oṣù kìíní ọdún 2023, ni èyí tó gbà kẹ́yìn. Edge náà dúró sí 109. Bí ẹ bá ṣí Help, tí ẹ tẹ About Google Chrome lórí kọ̀ǹpútà yẹn, 109 ni ẹ ó rí, bí ó ti wù kí dátà yín pọ̀ tó. Gbogbo ihò tí wọ́n ti dí láti ìgbà náà ló ṣì là sílẹ̀ lórí rẹ̀. Firefox ESR 115, ẹ̀dà tí wọ́n ń tọ́jú fún ìgbà pípẹ́, nìkan nínú àwọn ńláńlá ni wọ́n ṣì ń tún ṣe fún Windows 7 lẹ́yìn tí àwọn yòókù ti kọ̀yìn sí i. Mozilla ti sún ọjọ́ ìparí rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé e, nítorí Windows 7 fúnra rẹ̀ ti là sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ nọ́ńbà káàdì ATM, BVN tàbí ọ̀rọ̀ aṣínà email sórí kọ̀ǹpútà yẹn mọ́. Títẹ ìwé, Word, fọ́tò ìdánimọ̀, ìwé títẹ̀ jáde láti orí flash, ẹ jẹ́ kó máa ṣe ìyẹn, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí agbára rẹ̀ bá tó 2GB RAM, Linux Mint Xfce lè mú un padà sórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú Firefox tuntun, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wádìí pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín á bá a ṣiṣẹ́.

Windows 10 náà kò ní àkókò gígùn níwájú. Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ ọ̀fẹ́ dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Chrome àti Firefox kò tíì fi í sílẹ̀ bí ti Windows 7, ṣùgbọ́n ẹ fi í sínú ètò ìnáwó yín.

Ọ̀rọ̀ ìtẹ̀wé ni ẹ kò béèrè, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ẹ ó ti kọ́kọ́ bá ìṣòro pàdé bí ẹ bá ń lo bráwúsà méjì. Slip kan náà lè wà ní ojú-ewé kan nínú Firefox, kó sì ya sí méjì nínú Chrome, nítorí ìwọ̀n tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ yàtọ̀. Ẹ wo Paper size kó jẹ́ A4, kó má ṣe jẹ́ Letter. Bí ìlà kan bá ṣì já sí ojú-ewé kejì, ẹ yí Scale sí 90. Bí àmì ilé-ẹ̀kọ́ tàbí àwọ̀ ẹ̀yìn ìwé kò bá jáde, ẹ tẹ Background graphics nínú Chrome, tàbí Print backgrounds nínú Firefox.

Nítorí pé ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló ń kan kọ̀ǹpútà yín, ẹ pa “Offer to save passwords” nínú Chrome, kí ẹ sì pa “Ask to save passwords” nínú Firefox. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan máa ṣiṣẹ́ nínú fèrèsé ìkọ̀kọ̀: Ctrl, Shift àti N nínú Chrome, Ctrl, Shift àti P nínú Firefox. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé ni pé gbogbo fèrèsé ìkọ̀kọ̀ ní láti di títì kí ẹlòmíràn tó jókòó. Bí ẹyọ kan bá ṣì wà ní ṣíṣí lẹ́yìn, àkáǹtì ẹni àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni kejì. Ẹ sì máa rántí pé fáìlì tí wọ́n bá download kì í lọ pẹ̀lú fèrèsé náà. Inú Downloads ló máa wà títí ẹ ó fi pa á rẹ́.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ gba Firefox, ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ mozilla.org sí ibi àdírẹ́sì, ẹ má tẹ èyí tó bá kọ́kọ́ yọ nínú èsì ìwákiri, nítorí ó lè jẹ́ ìpolówó ayédèrú. Ojú-ewé èyíkéyìí tó bá sọ pé Chrome yín ti pẹ́ kí ẹ tẹ ibí láti tún un ṣe, irọ́ ni, ẹ tì í. Inú About nìkan ni update tòótọ́ ti ń wá. Fún àwọn bookmark yín, ẹ lọ sí Settings Firefox, General, ẹ tẹ Import Data, ẹ mú Chrome, kí ẹ fi àmì sí Bookmarks nìkan, kí ọ̀rọ̀ aṣínà àwọn tó ti kọjá má baà tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi uBlock Origin sí i láti addons.mozilla.org, kí ẹ pa fídíò tó ń dá ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ Privacy & Security, Autoplay, kí ẹ yan Block Audio and Video. Ẹ ṣe kọ̀ǹpútà kan lákọ̀ọ́kọ́, ẹ lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tẹ course form kan àti slip kan jáde lórí rẹ̀ kí ẹ tó ṣe èkejì, ẹ má sì ṣe é ní ọ̀sẹ̀ tí portal bá ń ti ìlẹ̀kùn ìforúkọsílẹ̀.